Sọ́fítíwia yín ṣí, àmọ́ ṣé ìṣirò rẹ̀ ṣì péye?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo gbé Ubuntu, operating system tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, láti 20.04 lọ sí 22.04. Láti ìgbà náà ni sọ́fítíwia tí mo fi ń ṣe ìṣirò iṣẹ́ ìwádìí mi ti kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò rí libgsl.so.23. Mo béèrè kiri, ẹnì kan sì ní kí n fi àṣẹ ln -s sọ libgsl.so.27 tó wà lórí ẹ̀rọ ní libgsl.so.23. Mo ṣe é, ó sì ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí upgrade mìíràn kò fi ní ba sọ́fítíwia mi jẹ́ mọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká fi upgrade mìíràn sílẹ̀ ná, torí èyí tí ẹ ṣe gan-an ò tíì parí. Ẹ yọ ìtọ́ka tí ẹ fi ln -s ṣe yẹn kúrò lónìí, kí ẹ sì ya gbogbo èsì tí ẹ ti rí láti ọjọ́ náà sọ́tọ̀. Ẹ má fi ìkankan nínú wọn sínú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi ls -l wo fáìlì náà dáadáa kí ẹ tó pa á rẹ́, kí ẹ má lọ pa 27 fúnra rẹ̀.

Upgrade kò ba sọ́fítíwia yín jẹ́. Ohunkóhun ò yí padà nínú fáìlì rẹ̀. Ohun tó gbára lé ló kúrò lábẹ́ rẹ̀: GSL, àkójọ ìṣirò ọ̀fẹ́ ti GNU tí àìmọye sọ́fítíwia ìwádìí ń yá lò dípò kí wọ́n kọ tiwọn. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní láíbúrárì. libgsl.so.23 ni fáìlì rẹ̀ tó bá Ubuntu 20.04 wá, 22.04 sì gbé libgsl.so.27 dé.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín yìí ni mo ń bá pàdé níbi gbogbo, ó sì ń bí mi nínú, torí pé ẹni tó ń fúnni kì í dúró wo ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nọ́mbà tó wà lẹ́yìn .so kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àdéhùn ni. Àwọn tó kọ láíbúrárì ń fi sọ pé, níwọ̀n ìgbà tí nọ́mbà yìí ò bá yí padà, ohun tí ẹ kọ́ lé tiwa lórí lánàá yóò bá tòní mu. Bí wọ́n bá yí i padà, àdéhùn ti yàtọ̀ nìyẹn: bóyá wọ́n yọ iṣẹ́ kan kúrò, bóyá wọ́n tún inú rẹ̀ tò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n compile sọ́fítíwia yín, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, ó há ibi tí nǹkan wà sórí. Ká ní iye nọ́mbà inú àtẹ wà ní àyè kìíní, tí ibi tí dátà ti bẹ̀rẹ̀ wà ní àyè kẹta. Kò tún ní béèrè mọ́ láé, ọwọ́ ló kàn máa ń nà síbẹ̀. Bí láíbúrárì tuntun bá ti gbé nǹkan mìíràn sí àyè kẹta, nǹkan mìíràn yẹn náà ni yóò mú, tí yóò sì fi bá ìṣirò lọ. Nígbà mìíràn yóò dákú, ẹ ó sì mọ̀. Èyí tí kò dákú ló ń bà mí lẹ́rù. Nọ́mbà ni yóò gbé jáde, nọ́mbà náà sì lẹ ń retí, kí ni yóò wá ta yín lólobó?

Mi ò sọ pé èsì yín ti bàjẹ́ o. Mi ò rí kọ̀ǹpútà yín, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo iṣẹ́ GSL tí sọ́fítíwia yín ń lò wà bó ṣe wà láti 23 dé 27. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin ò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ṣí.

Kódà láìsí ẹni tó fọwọ́ kan láíbúrárì, ìyàtọ̀ operating system nìkan lè yí èsì padà. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Hawaii fi àwọn script (sọ́fítíwia kéékèèké) kan tí àwọn mìíràn fi èdè Python kọ, tí wọ́n sì ti tẹ̀ jáde láti 2014, ṣe ìṣirò kan náà, lórí dátà kan náà. Windows 10 àti macOS Mavericks fún wọn ní 173.2. macOS Mojave fún wọn ní 172.7, Ubuntu 16 sì fún wọn ní 172.4. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe kan lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó fà á ni pé script náà gbà pé fáìlì yóò máa dé ní ètò kan pàtó, bẹ́ẹ̀ bí operating system kọ̀ọ̀kan bá ṣe to fáìlì ló ṣe ń kó wọn wá, ni wọ́n bá ń so fáìlì mọ́ èyí tí kì í ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Títo orúkọ fáìlì kó tó lò wọ́n ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún márùn-ún gbáko làwọn èèyàn fi lò ó bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣí fún gbogbo wọn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2012, àwọn olùwádìí mìíràn tó ń fi FreeSurfer wọn ọpọlọ ènìyàn láti inú àwòrán rí i pé Mac OS X 10.5 àti 10.6 kò fún wọn ní ìwọ̀n kan náà. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pààrọ̀ operating system láàárín iṣẹ́ kan láì tún ìṣirò náà ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Bí kóòdù sọ́fítíwia náà bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi libgsl-dev, ìyẹn ohun tí compiler nílò láti lo GSL, sórí ẹ̀rọ, kí ẹ sì tún un compile níbẹ̀. Yóò há ètò tuntun sórí, bí iṣẹ́ kan bá sì ti kúrò, compiler yóò pariwo, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ wá fi ldd, àṣẹ tó ń to láíbúrárì tí sọ́fítíwia ń lò, wò ó pé 27 ló ń lò lóòótọ́. Bí kóòdù ò bá sí, ẹ lo Docker tàbí Apptainer láti fi sọ́fítíwia náà sínú kọ̀nténà Ubuntu 20.04, ìyẹn àyè àdádó kan nínú ẹ̀rọ yín tó ní láíbúrárì tirẹ̀: yóò rí 23 tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ yín yóò sì wà lórí 22.04. Àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún 20.04 ti parí ní 2025, nítorí náà ẹ má ṣí kọ̀nténà náà sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ lọ gba fáìlì .so wálẹ̀ láti ibi tí ẹ ò mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbà rárá. Bẹ́ẹ̀ lèèyàn ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lé àjèjì lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú dátà kan tí ẹ ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí 20.04, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi èsì méjèèjì wéra. Ẹ má retí kí wọ́n bá ara wọn mu dé nọ́mbà tó kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣe (0.1+0.2)+0.3 yóò rí 0.6000000000000001, èyí tó bá ṣe 0.1+(0.2+0.3) yóò rí 0.6, àwọn méjèèjì ò sì jẹ̀bi. Ìyàtọ̀ tó bá wà ní nọ́mbà kẹtàlá tàbí kẹrìnlá kì í sábà le. Bó bá wà ní ìkẹta, ẹ dúró. Iṣẹ́ tí ìyàtọ̀ kékeré ti máa ń di ńlá, bíi títọpa ìrìn mólékù, yàtọ̀: agbedeméjì (average) èsì ni ẹ ó fi wéra níbẹ̀.

Àwọn tó ń lo R tàbí Python, ẹ tún package yín fi sí lẹ́yìn irú upgrade yìí, ẹ sì ṣe venv (fódà tí Python ń kó package iṣẹ́ kan sí) tuntun. Ti àtijọ́ kì í sábà yè é.

Kí upgrade mìíràn tó dé, ẹ tọ́jú dátà kékeré kan pẹ̀lú èsì rẹ̀ síbi tí kò ti lè sọnù, kí ẹ sì kọ ẹ̀dà gbogbo láíbúrárì tí ẹ lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà tó so mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, tàbí tí èsì rẹ̀ kan ìtọ́jú aláìsàn, ẹ má fọwọ́ kàn án láì bá ẹni tó ń bójú tó o sọ̀rọ̀. Ìdáhùn tèmi yìí ò tó fún irú ìyẹn. Bí ẹ bá ti fi èsì méjèèjì wéra, ẹ fi nọ́mbà wọn ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.