Ṣé yíyàwòrán ilé àti iṣẹ́ kọngílá lè bọ́ èèyàn nílùú kékeré?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti parí HND lórí architecture, mo fẹ́ padà sílé ní Ìkìrun, kí n máa yàwòrán ilé kí n sì máa kọ́lé fáwọn èèyàn, àmọ́ bàbá mi ní mi ò lè rówó jẹ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bàbá ẹ ò kúkú parọ́ tán. Tó bá jẹ́ pùláànù nìkan lo fẹ́ máa yà, ebi á pa ẹ́, torí ẹni tó fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́ta nílùú tiwa, bíríkìlà ló máa pè, wọ́n á fẹsẹ̀ wọnlẹ̀, wọ́n á ta okùn, ó parí nìyẹn. Kíkọ́ ilé ló ń bọ́ èmi náà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá bá onílé lọ sórí ilẹ̀, màá fi eérú fa ìlà yàrá kọ̀ọ̀kan, màá ní kó rìn wọ inú ẹ̀, ìgbà tó bá rí i pé ilẹ̀kùn kíṣíìnì fẹ́ dojú kọ ṣáláńgá, òun fúnra ẹ̀ ló máa ní kí n lọ yà á sórí ìwé.

Owó gan-an ló ń ba kọngílá jẹ́. Bàbá kan san owó dẹ́kìn, ìyẹn àjà oníkankéré, o wá mú un lọ ra páànù ìyá kan tó ń yọ ẹ́ lẹ́nu, ó di pé o ń sá fáwọn méjèèjì lọ́jà. Mo ṣe é rí lọ́dún kejì mi, oṣù mẹ́rin niṣẹ́ ilé bàbá yẹn fi dúró, mi ò lè gba ojúde wọn kọjá. Látìgbà yẹn, onílé kọ̀ọ̀kan ló ní jọ́tà tiẹ̀, sìmẹ́ńtì tó wọlé àtèyí tó jáde, àwa méjèèjì la jọ ń buwọ́ lù ú. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa gbowó, ti ìpìlẹ̀, ti lintel (kankéré ìdábùú tó wà lókè ilẹ̀kùn àti fèrèsé), ti òrùlé.

Má sì jẹ́ káwọn bíríkìlà máa fojú wọn kankéré o! Àpò sìmẹ́ńtì kan, tó tó nǹkan bíi headpan méjì, yanrìn headpan mẹ́rin, gíráníìtì mẹ́jọ, ìyẹn ni 1:2:4, dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi pò ó tán. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wá ẹnjiníà tí orúkọ ẹ̀ wà ní COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, bí onílé tiẹ̀ ń ṣahun. Tórúkọ tìẹ náà ò bá tíì sí ní ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀, má kọ architect sórí káàdì ẹ, òfin ò gbà á.

Máa bọ̀ nílé jàre, àmọ́ kọ́kọ́ lọ bá kọngílá àgbà kan ṣiṣẹ́ fọ́dún kan ná, kó o mọ onítípà tí kì í já yanrìn kù àti bíríkìlà tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ìnáwó.