Ṣé kí n ra fíláàṣì ńlá fún fọ́tò Halloween?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ lọ ya àwọn tó ń múra bí iwin níbi ìwọ́de Halloween ní Village, àdúgbò kan ní New York. Bàìbàì ni fọ́tò mi máa ń rí lálẹ́. Ṣé fíláàṣì ńlá ló kàn? — Bọ́lá, Brooklyn

ÌDÁHÙN: Bọ́lá, fowó ẹ sápò ná. Iná títì àti iná ṣọ́ọ̀bù pọ̀ ní Sixth Avenue tí ìwọ́de náà ń gbà. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 tí kò wọ́n ni kó o mú lọ. Ṣí i dé f/2 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó), gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba iná sí, sí 3200, má sì jẹ́ kí shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń pa dé nígbà tó o bá ya fọ́tò, lọ́ra ju 1/125 ìṣẹ́jú àáyá lọ, torí ijó ni wọ́n ń jó lọ. Fọ́tò tó ní hóró wínníwínní nítorí ISO gíga ṣì ṣeé wò. Èyí tó bá ti mì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Fíláàṣì tó kọjú séèyàn tààrà máa ń sọ ojú tí wọ́n kùn di funfun báláú, ẹ̀yìn á wá dúdú bí ìdí ìkòkò.

Tètè dé, kí aago méje alẹ́ tó lù. Nítòsí Canal Street ni àwọn tó múra ti ń kóra jọ kí ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dúró níbẹ̀. Ní kí wọ́n yíjú síbi tí iná wà. Wọn kì í ṣe egúngún, kò sẹ́ni tó máa fi àtòrì lé ẹ! Tó bá jẹ́ ọmọdé, bi òbí ẹ̀ kọ́kọ́.

Fi bátìrì kejì sápò inú kóòtù. Òtútù máa ń tán an kíákíá.