Ìdí Tí Ìdẹ Onígi Fi Ń Dojú Dé Nínú Omi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa: ẹ ní ẹ ti gbẹ́ ìdẹ onígi méje, ìyẹn igi tí a gbẹ́ bí ẹja kékeré láti fi tan ẹja jẹ, ẹ kùn wọ́n ní ọ̀dà tó dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jù wọ́n sómi, àwọn kan á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹja tó ti kú, àwọn yòókù á nàró dáadáa títí ẹ óo fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, ìgbà náà ni wọ́n á wá dojú dé, tí wọ́n á sì máa yí bírí-bírí. Ẹ wá ń béèrè bóyá igi tí ẹ lò ni kò dára. Igi yín kò jẹ̀bi. Ìdẹ bí ogójì ni mo gbẹ́ kí èyí tó kọ́kọ́ rìn bí ẹja tó jáde lọ́wọ́ mi, èmi náà sì rò nígbà náà pé igi ló ń dà mí láàmú. Mo pààrọ̀ igi lẹ́ẹ̀mẹta, àbùkù náà kò kúrò níbẹ̀.

Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan. Ìdẹ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fà á, ìwúwo inú rẹ̀ ni kò sí níbi tó yẹ kí ó wà. Èyí tó nàró lójú omi, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fà á ni ó ń dojú dé, ètè rẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí ẹ kì bọ abẹ́ imú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan náà ni ó máa ń ṣubú sí nígbà gbogbo, ètè náà wọ́, tàbí kí ojú wáyà tí ẹ so okùn mọ́ má sí láàrin gbùngbùn. Bí ó bá ń ṣubú sọ́tùn-ún nísinsìnyí, tó tún ń ṣubú sósì bó bá yá, ètè náà ti tóbi jù fún ara ìdẹ náà, tàbí kí òjé inú ikùn rẹ̀ kéré jù láti gbé e dìde padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìwúwo, nítorí òun ni ó jẹ ọdún méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Omi máa ń ti ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀ sókè pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí nǹkan náà lé kúrò nípò. Àárín àyè tí ara ìdẹ gbà nínú omi ni omi ti ń tì í sókè. Àárín ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí ni ilẹ̀ ti ń fà á. Bí ibi tí ilẹ̀ ti ń fà á bá wà nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń tì í, ìdẹ náà á nàró, kódà bí ìgbì bá bì í ṣubú, á tún dìde fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan náà, kò ní mọ ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ikùn. Igi nìkan kò lè yanjú èyí, bó ti wù kí ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa tó, nítorí pé bó ṣe wúwo lókè náà ló ṣe wúwo nísàlẹ̀. Òjé tí a bá sin sínú ikùn rẹ̀ ló ń jẹ́ kó mọ ìsàlẹ̀. Àwọn ìwọ̀ tó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́, ìdí nìyí tí ìdẹ tí ẹ dán wò láìso ìwọ̀ mọ́ ọn fi lè tàn yín jẹ.

Ibi tí irú igi ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni pé bí igi bá ti fúyẹ́ tó ni àyè tí ẹ ní láti fi òjé sísàlẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Balsa, igi kan tó fúyẹ́ gan-an, sábà máa ń wúwo tó bí ìdá kan nínú mẹ́fà omi, kédárì tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà tí òjé wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 11. Ohun tó ń mú kí balsa jó nínú omi ju igi mìíràn lọ nìyí, kì í ṣe oògùn kankan. Àmọ́ ó rọ̀ jù, eyín ẹja sì máa ń wọ̀ ọ́ bí ẹni jẹ búrẹ́dì, nítorí náà kédárì ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Iye òjé tí ìdẹ kan lè gbé kì í ṣe ohun tí mo ń fojú dá mọ́. Mo máa ń gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù, màá dá òṣùwọ̀n náà padà sí òdo, màá fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún igi tí mo ti gbẹ́ tán náà lẹ́yìn, màá sì rọra tì í wọ inú omi títí omi yóò fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, láìjẹ́ kí ó kan ìdí tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá kọ nígbà náà ni ìwúwo tí ìdẹ náà lè ní lápapọ̀ kí ó tó rì. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9, òṣùwọ̀n sì kọ 18. Bí igi, wáyà, ètè, òrùka, ìwọ̀, òjé àti ọ̀dà rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 15 lápapọ̀, á máa léfòó. Bí wọ́n bá jẹ́ nǹkan bíi 18, á dúró sójú kan láàrin omi, kò ní gòkè, kò sì ní rì. Bí wọ́n bá di 20, ó di ìsàlẹ̀ odò. Mo máa ń wọn gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn òjé, màá yọ ọ́ kúrò nínú iye tí mo fẹ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti òjé. Omi òkun wúwo ju omi odò lọ díẹ̀, nítorí náà kí ó má yà yín lẹ́nu bí èyí tó dúró sójú kan nínú odò bá gòkè wá sójú omi nígbà tí ẹ bá gbé e dé òkun.

Bí mo bá ti mọ iye òjé, mi ò tíì ní lu ihò kankan. Téèpù ni mo máa ń fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ikùn ìdẹ náà, màá so ìwọ̀ méjèèjì rọ̀, màá sì gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, màá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú mi á fi bá ojú omi dọ́gba. Bí òjé bá ti lọ síwájú jù, imú á tẹ̀ wọmi. Bó bá ti fà sẹ́yìn, ìrù á rẹ̀ sílẹ̀. Mìlímítà 2 péré tó láti yí ìdúró rẹ̀ padà. Nígbà tó bá dúró bí mo ṣe fẹ́, tí ìrù rẹ̀ kàn rẹlẹ̀ ju imú lọ díẹ̀, màá fi ìka tì í ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó yá. Bó bá ń lọ́ra bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, òjé kò tíì tó. Ẹ fi sọ́kàn pé òjé tó wà níta yìí wà nísàlẹ̀ ju bí yóò ti wà nígbà tó bá wọ inú igi lọ, nítorí náà ìdẹ náà kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí ẹ ti rí i nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ihò yín má jìn ju ohun tó máa gba òjé lọ. Èmi a máa lu ihò tó jìn dé àárín igi tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fún mi, ohun tó ṣe wọ́n nìyẹn. Ẹ má sì sọ pé nítorí àtibọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, ẹ máa kúkú rọ òjé kún un. Ìdẹ tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ kì í dojú dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í jó. Gbọọrọ ni yóò máa bọ̀ bí igi ìdáná tí odò ń gbé lọ.

Òjé tí wọ́n ti rọ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ máa lò. Mo yọ́ òjé fúnra mi nígbà kan, omi díẹ̀ wà nínú ohun tí mo dà á sí tí mi ò fura, bó ti kan omi báyìí ló ta fọ́nká, èyí tó bà mí lọ́rùn ọwọ́ ṣì ní àpá títí dòní. Èéfín àti eruku rẹ̀ jẹ́ májèlé. Ẹ máa fọwọ́ kí ẹ tó fi jẹun.

Ọ̀rọ̀ ètè ló kàn. Bí ẹ ti júwe iṣẹ́ yín, ẹ gbẹ́ igi náà roboto tán kí ẹ tó fi ayùn la ojú ibi tí ètè máa wọ̀, ojú lásán lẹ sì fi wọ̀n ọ́n. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Igi tó ti di roboto kò ní ẹ̀gbẹ́ tí ayùn lè fara tì, bí ètè bá sì fi díẹ̀ péré wọ́, omi á máa gbá apá kan ju èkejì lọ. Ìgbà tí igi bá ṣì jẹ́ onígun mẹ́rin ni kí ẹ fa ìlà àárín yí i ká pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ la ojú ètè, kí ẹ sì la ojú wáyà, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Mo máa ń ki ègé ike tí mi ò lò sójú ètè náà bí mo bá ń gbẹ́ ẹ, kí n lè máa wò ó láti iwájú bóyá èjìká ìdẹ náà dọ́gba sọ́tùn-ún sósì.

Polycarbonate, irú ike líle kan, tó nípọn tó mìlímítà 1.5 sí 2 ni mo fi ń ṣe ètè, nítorí kì í fọ́ bó bá gbá òkúta. Bí ètè bá ti sún mọ́ àtinàró, ìdẹ kì í wọmi jìn, á sì máa ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì gidigidi. Bó bá nà gbọọrọ síwájú, tó sì gùn, á rì jìn, ìmìtìtì rẹ̀ á sì kéré. Fún ìdẹ tó bá ṣe bíi tiyín, nǹkan bíi dígírì 45 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn méje tó wà nílẹ̀ kò tíì ṣòfò. Àwọn tó ń dojú dé nígbà tí ẹ bá fà wọ́n, ẹ fi sáńdípépà ha ẹ̀gbẹ́ ètè wọn méjèèjì bákan náà, kí ó má ju ìdajì mìlímítà lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa dán an wò lẹ́yìn ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìdẹ tó dé ibi tó dára yóò máa jó, bí ẹ bá sì fà á kíákíá, á fẹ́ ṣubú ṣùgbọ́n á tún gba ara rẹ̀ padà. Àwọn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ wé wáyà òjé tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn ìwọ̀ iwájú. Kò lẹ́wà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n yóò sọ iye òjé tó yẹ kí ẹ fi sínú èyí tó ń bọ̀ fún yín.

Ẹ tún ní sukúrúù olójú ni ẹ fi so ìwọ̀ mọ́ wọn. Nínú igi líle, kò burú. Nínú balsa, ẹ má dán an wò. Ẹja tó tóbi jù lọ tó tíì gbé ìdẹ mi fà mí lọ bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni okùn rọ̀ lójijì. Nígbà tí mo fà á wálé, ìdẹ mi pé pérépéré, ihò kan ṣoṣo ló wà ní ikùn rẹ̀ níbi tí sukúrúù ti fà tu pẹ̀lú ìwọ̀. Ó dùn mí, ó sì dùn mí jù nítorí ẹja náà tó gbé irin lọ lẹ́nu. Láti ìgbà náà, wáyà kan ṣoṣo tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 1, ni mo ń là kọjá láti imú dé ìrù, màá ká a sí ojú kan níbi ikùn, màá sì fi epoxy, ìyẹn àtè tó máa ń dì gbagidi, sin ín pa pọ̀ mọ́ òjé. Bí igi tilẹ̀ fọ́, okùn àti ìwọ̀ ṣì so mọ́ra.

Kí ọ̀dà tó kàn án, ẹ dí ojú igi. Omi tó bá ráyè wọlé láti ihò kékeré kan á mú kí igi wú, ọ̀dà á sì sán. Epoxy tí mo là pẹ̀lú ọtí ìdáná díẹ̀ ni mo fi ń pa á nígbà méjì, màá sì fi í sínú omi mọ́jú. Bí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé ó wúwo sí i lówùúrọ̀, ó ń mu omi. Bí ẹ bá wá fẹ́ fi epoxy ṣe ìbòrí ìkẹyìn, ẹ má so ó rọ̀ kí ẹ lọ sùn bí mo ti ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti ṣàn lọ kó jọ sí ìrù bí omijé, ìdẹ tí mo ti wọ̀n dọ́gba sì ti di èyí tí ìrù rẹ̀ ń fà. Ẹ máa yí i títí yóò fi dì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí epoxy lè mú kí awọ ara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́.

Ní ti ọ̀dà tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí, ẹ̀yìn dúdú àti ikùn funfun tó. Lauri Rapala, apẹja ará Finland tó gbẹ́ ìdẹ rẹ̀ ní 1936, kọ́ọ̀kì ló lò, bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì ló fi bò ó, fíìmù fọ́tò tó yọ́ ló sì fi dí omi lójú. Bó ṣe ń rìn gbẹ̀rẹ̀-gbẹ̀rẹ̀ bí ẹja tó fara pa ni àwọn ẹja ń tìtorí rẹ̀ gbé e.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí èyíkéyìí bá nàró, tó ń jó, ṣùgbọ́n tó ń yà sósì bó ti ń bọ̀ wá bá yín, ẹ di ojú wáyà iwájú mú pẹ̀lú ẹ̀mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sọ́tùn-ún yín; bó bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sósì. Díẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ni mo wí. Bí àwọn tí ẹ ha ètè wọn bá ṣì ń dojú dé, ẹ wọn fífẹ̀ ètè náà àti fífẹ̀ ara ìdẹ níbi tó ti sanra jù, kí ẹ sọ iye méjèèjì fún mi.