Bọ́tìnnì tó máa pa Raspberry Pi 4, tó tún máa tàn án

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ni mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ábẹ́òkúta, òun ni mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ ọjà. Kò ní bọ́tìnnì kankan lára, torí náà tí mo bá ti fẹ́ ṣíwọ́ lálẹ́, mo kàn máa ń fa wáyà iná ẹ̀ yọ ni. Mẹ́mọ́rì káàdì méjì ló ti bàjẹ́ báyìí. Ṣé kí n kúkú fi swíìsì sójú wáyà yẹn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, àkọsílẹ̀ ọjà tó bá káàdì lọ, ó máa ń dunni gan-an ni. Jọ̀ọ́, má fi swíìsì sójú wáyà, torí ọ̀kan náà nìyẹn àti fífà tó ò ń fà á yọ. Ohun tó ń ba káàdì ẹ jẹ́ ni pé kọ̀ǹpútà ṣì ń kọ nǹkan sínú ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, bí ìgbà téèyàn já bírò gbà lọ́wọ́ akọ̀wé ni. Bọ́tìnnì tó o nílò kì í gé iná rárá, iṣẹ́ ló ń jẹ́ fún kọ̀ǹpútà pé ó tó, palẹ̀ mọ́, òun fúnra ẹ̀ á wá kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ sínú káàdì, á sì pa ara ẹ̀.

Ra bọ́tìnnì kékeré tó jẹ́ pé tó o bá tẹ̀ ẹ́ tó o sì yọwọ́, á padà sókè fúnra ẹ̀. Èyí tó máa ń dúró sílẹ̀ tó o bá tẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀. Wáyà méjì péré ló kù, o ò nílò resistor (ẹ̀yà kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù), ó ti wà lórí bọ́ọ̀dù fún pínì (irin ṣóńṣó tá à ń so wáyà mọ́) tá a fẹ́ lò yìí.

Ibi tó yẹ kó o ti fara balẹ̀ rèé. Pínì 40 ló wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, méjì-méjì ni wọ́n tò. Orí tó jìnnà sí ojú USB ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, méjì àkọ́kọ́, méjì ìkejì, kó o dúró síbi méjì ìkẹta: pínì 5 àti pínì 6 nìyẹn, GPIO3 (tó ń gba iṣẹ́ tí bọ́tìnnì ń jẹ́) àti GND (ibi tí iná ń gbà padà), wáyà kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Tó o bá ṣì í kà, tó o lọ fi sí méjì ìkejì, o ti so 5 volt mọ́ pínì tí ò gbọ́dọ̀ rí ju 3.3 volt lọ, mo ti rí bọ́ọ̀dù tó kú báyẹn lójú mi, ó sì ṣe mí láàánú. Yọ iná kó o tó fọwọ́ kàn án, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí fáànù bá ti gba pínì 6, lo pínì 9, GND náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí fáìlì /boot/firmware/config.txt (tí ètò orí ẹ̀ bá ti pẹ́, /boot/config.txt ni), kọ ìlà kan ṣoṣo yìí sísàlẹ̀ pátápátá:

dtoverlay=gpio-shutdown

Tọ́jú fáìlì yẹn, kó o wá reboot, ìyẹn ni pé kó o ní kó pa ara ẹ̀ kó sì tún tàn. Tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kó o máa wo iná aláwọ̀ ewé, á ṣẹ́jú ṣẹ́jú, á wá kú, iná pupa á ṣì wà ńlẹ̀. Ìgbà yẹn lo tó lè fa wáyà yọ. Tó ò bá sì fà á yọ, tún bọ́tìnnì yẹn tẹ̀, á jí. Jíjí yẹn ò nílò ìlà kankan nínú fáìlì, bí wọ́n ṣe ṣe pínì 5 látilẹ̀ nìyẹn, pínì míì ò lè jí i.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni I2C, ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà kéékèèké fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, torí pínì 5 wà lára ibi tó ń gbà. Pi 4 ò ní aago tó ń dá ṣiṣẹ́ tí iná bá lọ, torí náà àwọn tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi DS3231, aago kékeré tó ní bátìrì tiẹ̀, sí i, aago yẹn sì fẹ́ lo pínì 5 kan náà. Tó bá wà lára tìẹ, gbé wáyà bọ́tìnnì tó wà ní pínì 5 lọ sí pínì 11 (GPIO17), kí ìlà yẹn wá jẹ́ dtoverlay=gpio-shutdown,gpio_pin=17. Pípa nìkan ni bọ́tìnnì á máa pa á nígbà yẹn, tó o bá fẹ́ tàn án, wàá yọ wáyà iná, wàá tún un kì bọ̀ ọ́, kò sì léwu torí ó ti pa ara ẹ̀ tán.

Tó o bá ń gbèrò àtira Pi 5 lọ́jọ́ iwájú, bọ́tìnnì ti wà lára ìyẹn.

Àmọ́ tí NEPA bá mú iná lójijì, bọ́tìnnì ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Wá UPS kékeré (bátìrì tó ń gbé iná dúró tí iná bá lọ) tó lè gbé 5 volt àti 3 amp jáde, kó o lè ráyè tẹ bọ́tìnnì ẹ kí bátìrì tó tán, kó o sì máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọjà yẹn sórí fláṣì ní alaalẹ́.