"Dádì, omi": ọjọ́ tí wọ́n wo ọ̀nà èémí ọmọ mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí tí a jọ wà lókè òkun. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 3. Láti kékeré ló ti ń mí pẹ̀lú ariwo. Tó bá sùn lálẹ́, á dà bíi pé wọ́n ń wọ́ nǹkan nílẹ̀. Dókítà ní àwọn fẹ́ fún un lóògùn oorun pátápátá, kí àwọn ti kámẹ́rà gba ẹnu rẹ̀ wo ọ̀nà èémí rẹ̀. Ìyá mi nílé ní kí n má gbà. Ọkọ mi ní kí a gbà. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa múra ọmọ yìí sílẹ̀? Ṣé bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa jáde?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ kú àfaradà. Ọdún 5 rèé tí èmi náà gba ọ̀nà yẹn kọjá pẹ̀lú ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 4 ni nígbà náà. Oṣù rẹ̀ kò pé tí a fi bí i, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì fi wà pẹ̀lú rọ́bà tí wọ́n ti bọ ọ̀fun rẹ̀ kó lè máa mí. Ibi tí rọ́bà yẹn ń ha di àpá, àpá náà sì mú kí ọ̀nà ibẹ̀ fún. A kò mọ̀ títí wọ́n fi wò ó.

Nítorí náà, mo fara mọ́ ohun tí ọkọ yín sọ. Kò sí ọ̀bẹ nínú rẹ̀, kò sí ojú abẹ lára. Ariwo yẹn lè jẹ́ ti ẹran ara tó rọ̀ jù lórí gògóńgò, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 2. Ó sì lè jẹ́ ti ọ̀nà tó fún bíi ti ọmọ tèmi. Etí nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún Màmá nílé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n omi gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi kí ọmọ tó jáde: kò gbọdọ̀ mu nǹkan kan fún wákàtí 2. Ó sọ ọ́ kíákíá ní èdè wọn, mo sì mi orí. Mo gbọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé n kò gbọ́. Ìdí rẹ̀ ni n kò béèrè. Mo ti rò ó lọ́kàn mi pé nítorí èébì ni, mo sì ní èébì kò ní pa á.

Igbe ló fi jí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí mi. Ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń fa okùn tó wà ní ọwọ́ rẹ̀, mo ń pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí ẹ̀rù máa bà yín: oògùn ni kò tíì kúrò lára tán. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ kéékèèké, kì í sábà ju nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú lọ, àwọn fúnra wọn kì í sì í rántí. Ẹ kàn gbé e mọ́ra.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó yí ojú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Dádì, omi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Ọdún kan àti ààbọ̀ ṣáájú, olùkọ́ kan sọ fún wa pé èdè méjì ló ń dí ọmọ náà lọ́wọ́, kí a mú ọ̀kan. Èdè wọn la mú. Ọmọ tó ti ń kí wa "ẹ káàárọ̀" kò sọ Yorùbá mọ́ rárá. Ìyá mi á pè lórí fóònù, á kí i títí, ọmọ á kàn máa wo ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ òru ni èmi àti ìyá rẹ̀ ń ṣe nígbà náà, ó ti rẹ̀ wá, ẹni tó sì sọ ọ́ fún wa sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Kámẹ́rà ọjọ́ yẹn ló wá fi hàn pé àpá wà lára okùn ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn ló ń gé ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Kì í ṣe Yorùbá. A gba èdè lọ́wọ́ ọmọ nítorí àìsàn ọ̀fun.

Òun wá rèé tó ń fi Yorùbá tọrọ omi. Ìgò omi mi wà nínú báàgì. Nọ́ọ̀sì dúró sí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí wa, ó gbọ́ ohun tí ọmọ sọ, ṣùgbọ́n kí ni "omi" létí rẹ̀? Ká ní ó yé e ni, ì bá dá mi dúró. Mo gbé ìgò náà sí i lẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀kan ló gbé e mì tí omi náà pá a lórí. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ikọ́ náà kò jáde mọ́. Ètè rẹ̀ ṣú. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn ní ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wọ́n tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbé e jókòó, wọ́n ń fa nǹkan jáde ní ọ̀fun rẹ̀, wọ́n fi ọ́síjìn bò ó lójú. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ gbà. A sun ibẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Dókítà ló wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Wọ́n máa ń fín oògùn tó ń mú ara kú sí okùn ohùn, kó má bàa pa dé nígbà tí kámẹ́rà bá kàn án. Títí oògùn yẹn yóò fi kúrò, ọ̀fun kò mọ̀ pé omi ń bọ̀, omi lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ohun tó wà nídìí wákàtí 2 nìyẹn.

Lọ́dún yẹn náà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú un. Wọ́n ní kò kan ọ̀rọ̀ omi. Mo gbà á lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá húkọ́ lóru, mo ti dìde.

Ti ìmúra: wákàtí 6 ni wọ́n sábà máa ń dá oúnjẹ àti mílíìkì dúró ṣáájú. Ti omi lásán yàtọ̀, ibì kan á ní wákàtí 2, ibòmíràn á ní 1, ti ilé ìwòsàn yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá ní ọ̀fìnkìn tàbí ibà, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé. Wọ́n lè sún un síwájú. Eyín tó bá ń mì, ẹ sọ ọ́, torí irin máa gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ SS tàbí SC, kí wọ́n mọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ béèrè ìpara tó ń mú ẹ̀yìn ọwọ́ kú nítorí abẹ́rẹ́, ó lè tó wákàtí kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má parọ́ fún un pé eré lẹ ń lọ. Èmi pa irú rẹ̀, ó sì bínú sí mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Tó bá délé, ọ̀fun lè máa dùn ún, ohùn lè há fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí àárín egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọlé tó bá ń mí, tí ètè rẹ̀ ṣú, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, ẹ gbé e padà kíá.

Ẹ béèrè pé ṣé bó ṣe wọlé ló ṣe máa jáde. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà ọmọ tèmi lẹ́yìn náà, ó ń sáré bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì há díẹ̀. A ti padà sí Yorùbá nínú ilé, èdè wọn ló fi ń dá wa lóhùn. Mo bi í lóṣù tó kọjá bóyá ó rántí pé ó tọrọ omi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní rárá.

Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín máa ń fi sunkún sí ìwé, omi, ìtọ̀, ó ń dùn mí, kí ẹ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gbé e wọlé. Kí ẹ sì béèrè aago tó lè mu omi gan-an, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín.