Ẹ Bi Àǹtí Gáréèjì: Ta Ló Lẹ́nu Láti Ní Kí Èrò Bọ́ọ́lẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́yìn tá a sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ lóṣù tó kọjá, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó náà lẹ ó tún kọ sí mi, àṣé kì í ṣe dírẹ́bà ló ń bí yín nínú jù, èrò ẹgbẹ́ yín ni. Ẹni tó ń pariwo, ẹni tó gbé epo wọlé, ẹni tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láti Tákíè títí dé Ọ̀yọ́, ẹni tó gbé ewúrẹ́. Mo mú mẹ́fà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà mí, ọdún 11 ni mo fi jókòó ní gáréèjì kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, tí mò ń gbowó tí mo sì ń kọ orúkọ èrò sínú ìwé manifest, torí náà ohun tí mo bá sọ, ojú mi ló rí i, àfi ti òfin, ìyẹn mo béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ Ọ̀yọ́. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn mi, ó tan fídíò aláwàdà lórí fóònù láìfi nǹkan kan sétí, gbogbo ọkọ̀ ló ń gbọ́. Mo ní "ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá wa dín in kù", ó ní ṣé màmá ló bá òun ra dátà ni. Dírẹ́bà ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí bàbá kan wá dá sí i ló di ariwo ńlá, ni dírẹ́bà bá fi ìbínú páàkì nígbà tá a kọjá Odò Ọbà, ó ní kí ọmọ náà bọ́ọ́lẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ó bọ́ọ́lẹ̀ lóòótọ́, a fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣé dírẹ́bà lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ṣe yẹn, àbí èmi ni mo fà á?
Ìyá oníṣòwò, Wázò

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ sùn o jàre. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ ò bú u, ẹ ò sì lé e. Dírẹ́bà ni mo fẹ́ bá wí torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì kéré, tó jẹ́ pé "àbúrò, dín in kù, mi ò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì mi" ni ì bá parí ẹ̀, ńṣe ló ń wo ọ̀nà bíi pé ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń wà. Ìgbà tó máa wá lahùn, inú igbó ló ti lahùn, nírọ̀lẹ́, lójú ọ̀nà tí tírélà kì í ti í sinmi.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, dírẹ́bà lè kọ èrò. Ọkọ̀ ẹ̀ ni, tàbí ọkọ̀ ọ̀gá ẹ̀. Ṣùgbọ́n gáréèjì ni wọ́n ti ń kọ èrò, ọkọ̀ ò tíì gbéra, owó ẹni náà ṣì wà lórí tábìlì mi, màá kà á fún un, á lọ wọ ọkọ̀ mìíì. Tí ọkọ̀ bá ti gbéra, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Owó tó san, ó san án dé Ọ̀yọ́ ni. Òfin ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 sọ pé iṣẹ́ téèyàn bá sanwó fún, kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, èyí tí wọn ò bá ṣe, oníbàárà lè ní kí wọ́n dá owó ibẹ̀ padà, torí náà tẹ́ ẹ bá já èèyàn sílẹ̀ lágbede méjì nítorí fídíò, owó ibi tí kò dé ṣì wà lọ́rùn yín. Orúkọ ẹ̀ sì wà nínú ìwé, orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ká ní mọ́tò gbá ọmọ yẹn níbi tó dúró sí ńkọ́? Ọ̀dọ̀ dírẹ́bà làwọn ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà wọ́n á wá bá ẹni tó kọ ìwé, wọ́n á ní èrò 14 lẹ kọ, 13 ló dé, ẹnì kan yòókù dà?

Ẹni tó bá ń jà, tó ń nawọ́ sí sítíárìn, tó mutí yó tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn lórí eré, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ariwo mọ́, ẹ̀mí gbogbo ọkọ̀ ló wà ńbẹ̀. Ẹ gbé e dé ibi tí iná wà tí èèyàn wà, àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ibi tí Road Safety bá dúró sí, kó bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀. Fídíò aláwàdà ò tó bẹ́ẹ̀.

A ní dírẹ́bà àgbà kan nígbà tí mo ṣì wà ní gáréèjì, Bàbá Ẹ-má-bínú la máa ń pè é torí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀, "ẹ má bínú" ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, á yíjú sẹ́yìn, á ní: "Ẹ má bínú o, mọ́tò mi kì í mu sìgá, kì í gbé epo, kì í gbọ́ fídíò àfi téèyàn bá fi íápíìsì sétí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, owó yín ń bẹ lọ́dọ̀ àǹtí." Gbogbo ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín. Ó tán nìyẹn. Ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ẹni méjì péré ni mo rántí tó bọ́ọ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì tún padà wá bẹ̀ ẹ́ nígbà tó rí i pé ẹni mẹ́ta ló tíì wà nínú ọkọ̀ tó kàn. Kì í ṣe pé bàbá yẹn le o, ibi tó ti sọ ọ́ ló fi borí. Ní gáréèjì, èrò ṣì lè yan ọkọ̀ mìíì, dírẹ́bà ṣì lè dá owó padà, agbèrò wà lẹ́yìn ẹ̀, kò sẹ́ni tí ojú ń kán. Lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó níbi tó máa lọ, dírẹ́bà ò ní, èrò ò ní, ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ìjà ńbẹ̀ nìyẹn. (Ti sìgá tí bàbá mẹ́nu bà yẹn kì í ṣe òfin tiẹ̀ o, ìjọba àpapọ̀ ló ṣe é, látọdún 2015 ni òfin tábà ti ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún nínú ọkọ̀ èrò.)

Ẹ̀yin èrò yòókù náà, mo ní tiyín. Màmá sọ̀rọ̀, bàbá kan tẹ̀ lé e, ẹ̀yin tó kù ń díbọ́n oorun. Ọkùnrin míì wà tó jẹ́ pé tí obìnrin kan ṣoṣo bá bá a wí lójú èèyàn, ó gbà pé àfi kóun fèsì. Ṣùgbọ́n tí ẹni mẹ́ta mẹ́rin bá fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ pọ̀, kò ní jọ ìjà. Ẹ sì lè gba ọ̀dọ̀ dírẹ́bà: "dírẹ́bà, ẹ bá wa bá bọ̀dá ẹ̀yìn sọ̀rọ̀." Ìyẹn á jẹ́ kóun náà mọ̀ pé ọkọ̀ òun ni.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ bá mi bá èrò wí. Micra ni mo fi ń ṣe kábù. Tí mo bá ní kí ẹni iwájú so bẹ́líìtì, á ní aṣọ òun máa rún, tí àwọn Road Safety bá dá wa dúró, èmi ni wọ́n á mú. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?
Dírẹ́bà kan, Owódé, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Èèyàn mélòó lẹ gbé síwájú? Ẹ má purọ́ fún mi, mo ń wọ Micra lójoojúmọ́. Ìjókòó kan, bẹ́líìtì kan, èrò méjì tí itan ọ̀kan wà lórí jíà. Èwo nínú wọn ni kó so ó? Nínú ìwé ẹ̀sùn àwọn Road Safety, fáìnì bẹ́líìtì jẹ́ 2,000 náírà, ti àpọ̀jù èrò sì jẹ́ 10,000, ẹ wá ń bínú nítorí 2,000, ẹ sì gbé 10,000 náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, ẹ tún gbé òmíì sẹ́yìn pẹ̀lú ẹni mẹ́rin tó fún mọ́ra.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní epo ti wọ́n, láti 2023 tí owó epo ti fò sókè kò tíì sọ̀ kalẹ̀ débi tó wà tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé ẹnì kan síwájú, ẹ ò ní rí owó ọ̀gá tó ni ọkọ̀ san. Mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n èrò ń wò yín. Ẹni tẹ́ ẹ ti fún pọ̀ bí ẹ̀wà inú mọ́ínmọ́ín, tẹ́ ẹ wá ń pàṣẹ bẹ́líìtì fún, kò lè gbọ́ tiyín, ọkàn ẹ̀ á sọ pé nítorí fáìnì lẹ ṣe ń pariwo, kì í ṣe nítorí ẹ̀mí òun. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ẹnì kan ṣoṣo síwájú, ẹ dán an wò, ẹ sọ fún un kó so ó kẹ́ ẹ tó ṣíná, kẹ́ ẹ kọ̀wé bí ó ṣe lọ sí mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà síléèwé, mo ń gbóòórùn epo, àṣé màmá tó wà níwájú mi gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sábẹ́ ìjókòó, ó fi ańkárá bò ó. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní "ọmọ mi, mo ti dé e pa." Ojú tì mí láti sọ síta. Kí ni ǹ bá ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́, Under G

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé o ti ń gbóòórùn ẹ̀, kò pa. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń gbà, á dúró síbi ẹsẹ̀ yín, wíńdò tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ lókè ò lè kó o tán. Ohun tó lè ràn án ò pọ̀, ìṣáná kan, wáyà kan tó bó lábẹ́ ìjókòó. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn ẹ̀ kan ṣoṣo ń gán, èèyàn 14 nínú ẹ̀, ìwọ náà rò ó wò.

Lórí eléyìí mi ò ní kí o lo ohùn pẹ̀lẹ́ o. Pariwo. "Dírẹ́bà, epo wà nínú ọkọ̀ yìí!" Wò ó bóyá wàá rí ẹni tó máa díbọ́n oorun. Tẹ́ ẹ bá ṣì wà ní gáréèjì, agbèrò ni kó o pè kó gbé e sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n bá kọ̀, gba owó ẹ kí o wọ ọkọ̀ mìíì. Tẹ́ ẹ bá ti wà lójú ọ̀nà, kí dírẹ́bà dúró ní abúlé tó bá kàn, kí kẹ́ẹ̀gì bọ́ọ́lẹ̀, tí màmá bá fẹ́ tẹ̀ lé kẹ́ẹ̀gì wọn, ìyẹn tiwọn. Tí dírẹ́bà ò bá dá yín lóhùn, nọ́ńbà àwọn Road Safety ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí epo wà nínú táǹkì ẹ̀, kẹ́ ẹ fa epo náà kúrò kó tó wọ búùtù. Ojú ò gbọ́dọ̀ tì ẹ́ nítorí ẹni tó fi ańkárá bo iná.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òfin wà tó lè bá wa dá àwọn oníwàásù àti àwọn tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ dúró? Orí fẹ́ fọ́ mi.
Alhaji, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Alhaji, ẹ má pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ti oògùn, òfin wà, ó sì le: òfin ayédèrú oògùn dárúkọ bọ́ọ̀sì ní tààrà pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta oògùn nínú ẹ̀. Kì í tiẹ̀ ṣe tìtorí ariwo, nítorí pé ẹni tó ń ta igo kan fún jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, ẹ̀yìn dídùn àti ọmọ bíbí, tó sì máa bọ́ọ́lẹ̀ ní ìlú tó kàn, ta lẹ máa rí mú lọ́la tí ikùn yín bá wú? Dírẹ́bà tó gbà á wọlé mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC ara igo náà ò sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń tà lórí ìrìn.

Ti oníwàásù, ọ̀rọ̀ àjọsọ ni. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti bá oníwàásù ṣàmín láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, mo sì ti rí èyí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi jà torí pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀sìn ẹlòmíì. Àdúrà ìrìnàjò ìṣẹ́jú méjì, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i, Alhaji náà á ní àmín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí dírẹ́bà bá yín bi í pé ṣé ó ti parí.

ÌBÉÈRÈ: Mo lọ sí Èkó, mo wọ rélùwéè Blue Line wọn, kò sẹ́ni tó ń jẹun, kò sẹ́ni tó ń polówó ọjà. Kí ló dé tí tiwa níbí ò lè rí bẹ́ẹ̀? Àbí ìwà wa ni ò dáa?
Bọ̀dá Télọ̀, Àpákẹ́

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé nínú rélùwéè yẹn, òun náà ló ń jẹ bọ̀ọ̀lì nínú dánfó lọ́jọ́ kejì. Ìwà kan náà ni. Rélùwéè yẹn, láti oṣù kẹsàn-án 2023 tó ti ń gbé èrò, géètì lẹ fi ń wọlé, káàdì Cowry lẹ máa fi kàn án kó tó ṣí, òṣìṣẹ́ dúró síbẹ̀, sítéṣọ̀n márùn-ún péré ló wà láti Marina dé Mile 2, tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ níbí, wọ́n á rí yín níbi tó kàn. Ní Singapore, tẹ́ ẹ bá jẹun nínú rélùwéè, fáìnì ẹ̀ lè tó 500 dọ́là ti ibẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí i kí wọ́n tó wọlé. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹ-má-bínú kan náà ni. Àwa ò ní géètì, ṣùgbọ́n a ní tábìlì tí wọ́n ti ń gbowó, kí ló dé tí àwọn ọ̀gá gáréèjì ò lè kọ òfin mẹ́rin márùn-ún ní Yorùbá gàdàgbà síbẹ̀, kí ẹni tó ń gbowó sì máa kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé? Pátákó kan àti ọ̀dà díẹ̀ ni, kì í ṣe owó ìjọba.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹnì kan gbé ewúrẹ́ sábẹ́ ìjókòó mi láti Gámbàrí, ó tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Ta ni kí n bá wí, ewúrẹ́ àbí ẹni tó ni ín?
Tíṣà, Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

ÌDÁHÙN: Dírẹ́bà. Ẹ bi í pé ṣé ó gbowó ẹrù lórí ewúrẹ́ náà. Tó bá gbà á, ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ẹrù ń wà ni kó so ó mọ́, kó sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kó wá yọ owó ọṣẹ yín nínú owó tó gbà. Tí kò bá gbà á, ewúrẹ́ yẹn wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, ẹ̀yin sì sanwó.