Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Àwa Agbẹ̀bí: Ẹrù Ìkúnlẹ̀, Ẹ̀jẹ̀ Bàbá, àti Ìgbà Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Gbéra

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún àkọ́kọ́ mi ti pé oṣù méje. Ìwé ẹrù tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn gùn débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Èwo ni dandan, ìgbà wo ni kí n sì ti kó o jọ? — Aláboyún kan, Ìbàdàn

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 36 ni kí ẹrù ti wà nínú báàgì, torí láti ọ̀sẹ̀ 37 lọ, ọjọ́ tó bá wu ọmọ ló lè dé. Báàgì méjì ni kí ẹ dì. Kékeré ni ti yàrá ìrọbí: káàdì aláboyún, èsì àyẹ̀wò gbogbo, mátì ìgbẹ̀bí 2, páálí ìbọ̀wọ́ kan, òwú, ìdè ìwọ́, pádì ìyá ọlọ́mọ, jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine (oògùn tí a ń fi sí ìwọ́ ọmọ), ìró àtijọ́ 2, táwẹ́ẹ̀lì 2, fìlà àti aṣọ kan ṣoṣo fún ọmọ. Táwẹ́ẹ̀lì méjì kì í ṣe àṣejù. Ọ̀kan la ó fi nu ara ọmọ, òun á sì tutù. Èyí tó gbẹ la ó fi wé e. Òtútù máa ń tètè mú ọmọ tuntun, kódà nínú ooru Ìbàdàn. Gbogbo ìyókù, kó wọ báàgì ńlá, kó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé yín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé aṣọ ọmọ tó rẹwà ló máa ń wà lókè, ìbọ̀wọ́ àti mátì á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọn á wá máa tú ẹrù sílẹ̀ nígbà tí orí ọmọ ti ń yọ.

Fíìdà àti glucose, ẹ fi owó wọn pamọ́. Ọmú ni ọmọ á mu láàárín wákàtí kìíní. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki, tó sì pọ́n díẹ̀ yẹn kò dọ̀tí rárá, ẹ má fún un dànù.

Ohun kan wà tí ìwé ẹrù kì í sábà sọ: káńfọ̀, àwọn hóró funfun tí a ń jù sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò. Ẹ má jẹ́ kó dé ìdí aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn ò sì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Bí òórùn káńfọ̀ bá wọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ibà pọ́njú á dé, ó sì lè le débi tí á fi ba ọpọlọ jẹ́. Ẹni tó bá yè é lè má gbọ́ràn mọ́. Ẹ kò lè fojú mọ irú ọmọ tí yóò jẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, aṣọ ẹ̀gbọ́n tó ti bá káńfọ̀ gbé inú àpótí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ tún un fọ̀ títí òórùn náà á fi lọ pátápátá. Ìró tìyá náà ńkọ́? Òun ni ọmọ á sùn lé! Ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà, kó jìnnà sí ọmọ tuntun.

Wọ́n ní kí n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìyàwó mi. Ṣé èmi ni wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ mi sí i lára ni? — Bàbá-ń-bọ̀, Ìkòròdú

Rárá o. Ẹ̀jẹ̀ yín, nǹkan bíi mílílítà 450, inú báńkì ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ. Nínú àpò tí wọ́n sábà máa ń lò, kì í pẹ́ ju ọjọ́ 35 lọ, torí náà ẹlòmíràn ló máa lò ó. Bó bá kan ìyàwó yín, a ó fún un ní èyí tó bá tirẹ̀ mu. Àwa gan-an kì í fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọkọ wọ ara ìyàwó tó ṣì ń bímọ, torí ara rẹ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbógun tì í, kó sì wá gbógun ti ọmọ inú oyún tó ń bọ̀. Ẹ gba ìwé pé ẹ ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi há inú káàdì.

Bí àmì ìyọkúrò bá wà lẹ́yìn irú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín (bíi O−), tí tiyín kò sì ní in, ẹ tètè béèrè abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ìyá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbógun ti ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Wọ́n máa ń gún un ní ọ̀sẹ̀ 28, wọ́n á tún gún un láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ bí ọmọ bá ní àmì ìròpọ̀. Ó wọ́n, inú fíríìjì ló ń gbé, kì í sì í sí ní gbogbo ibi. Kì í ṣe ọjọ́ ìkúnlẹ̀ lẹ ó máa sáré wá a.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ló ń mú mi lóòótọ́? Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sílé. — Abẹ́òkúta

Ẹ wo aago. Ìrora ìrọbí máa ń sún mọ́ra, ó ń pẹ́ sí i, ó ń le sí i, ìrìn kì í sì í lé e lọ. Ti irọ́ máa ń rọlẹ̀ bí ẹ bá mu omi tí ẹ sì dùbúlẹ̀. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì: bó bá ń wá ní ìṣẹ́jú 5-5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò tó ìṣẹ́jú kan, fún odidi wákàtí kan, ẹ gbéra. Bí ilé ìwòsàn bá jìnnà, tàbí tó bá jẹ́ àkókò sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ padà torí pé ẹnu ilé-ọmọ kò tíì ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 5, kì í ṣe ìwọ̀sí.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba kíka: omi tó já (ẹ wo aago, kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀, bó bá dúdú bí ewé, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀), ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, orí fífọ́ líle pẹ̀lú ojú tó ń ṣú, gìrì, tàbí ọmọ tí kò yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni kí ẹ máa lọ.

Ìyá ọkọ mi ti se àgbo ìrọbí sílẹ̀, wọ́n sì ní a gbọ́dọ̀ gba ibi ọmọ wálé. Kí ni kí n sọ fún wọn? — Òṣogbo

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má mu àgbo náà. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀. Ó lè mú kí ilé-ọmọ máa fún pọ̀ láìsinmi, kí afẹ́fẹ́ má dé ọ̀dọ̀ ọmọ mọ́, ilé-ọmọ sì lè ya. Bí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ òótọ́ kí a tó fa omi tó ń mú ìrọbí yá fún yín, torí agbára méjì ló máa pàdé nínú ikùn kan.

Ìwọ́ ọmọ, jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe iyọ̀. Ẹ má gbé e sítòsí oògùn ojú: ó ti ba ojú ọmọ jẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ṣì í lò.

Ní ti ibi ọmọ, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ bá ṣe dé ni kí ẹ ti sọ fún nọ́ọ̀sì, kó má baà bá pàǹtírí ilé ìwòsàn lọ. Ẹ mú ọ̀rá dúdú tó nípọn 2 àti ike kékeré tó ní ìdérí dání. Kí ẹni tó máa rì í mọ́lẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ajá má baà hú u.